Ta Ni Yóò Ru Ooru Náà? Ìtàn Tọ́bò Láti 1905 Dé Inú Ọkọ̀ Tó Ti Gbó

Púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ń wọlé lóde òní ló ní tọ́bò. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ yóò máa yangàn pé ẹ́ńjìnnì kékeré ni, síbẹ̀ ó ń ṣe bíi ti ńlá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agbára yẹn kì í dá wá, ooru ló máa ń bá a rìn. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ tọ ìtàn tọ́bò láti ọ̀nà ooru yẹn, nítorí mo gbà pé kì í ṣe bí ẹ́ńjìnnì ṣe lágbára tó ló jẹ́ kí àwọn kan kùnà tí àwọn mìíràn sì yege. Ìbéèrè kan ló pín wọn níyà: nígbà tí ooru dé, ta ni wọ́n ní kó rù ú, ṣé awakọ̀ ni àbí ẹ̀rọ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí epo bá jóná nínú ẹ́ńjìnnì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ló ń bá èéfín jáde lọ lásán. Tọ́bò dà bí fáànù méjì lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Èéfín gbígbóná ń yí èkínní, èkínní ń yí èkejì, èkejì sì ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo tó lè jó níbẹ̀ náà á pọ̀, agbára á sì pọ̀ sí i. Ọ̀pá yẹn lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Èéfín tó ń yí i nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù sì lè gbóná tó 900°C, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́bà, wáyà àti páìpù omi.

Ooru kejì tún wà. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fún afẹ́fẹ́ sí táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù náà máa ń gbóná. Bákan náà ló rí níbí. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ tọ́bò ní 30°C, tí tọ́bò sì fún un pọ̀ dé ìwọ̀n 1.7 ti afẹ́fẹ́ ìta, ó lè jáde ní nǹkan bí 100°C. Afẹ́fẹ́ tó gbóná báyìí máa ń fẹ̀, nítorí náà díẹ̀ ló ń wọlé. Ó tún lè mú kí àdàlú epo àti afẹ́fẹ́ bú gbàù fúnra rẹ̀ dípò kó jó bó ṣe yẹ, ìyẹn sì ń fọ́ písítìn. Ooru méjì ni tọ́bò ń bí, ọ̀kan lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ọ̀kan níwájú rẹ̀.

Ní 1905, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Switzerland kan, Alfred Büchi, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà láti fi èéfín ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Nǹkan bí ogún ọdún ló gbà á kí iṣẹ́ náà tó yọrí. Ní 1925, ó fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì hàn tí agbára rẹ̀ fi bíi 40% lé sí i. Kò yani lẹ́nu pé dísẹ́ẹ̀lì ló kọ́kọ́ gbà á, nítorí èéfín dísẹ́ẹ̀lì kì í gbóná tó ti bẹntiróòlù. Láàárín àkókò yẹn, ní 1918, Sanford Moss ti ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfúrufú kan gun òkè Pikes Peak ní Colorado, tó ga ju mítà 4,000 lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò sì máa ń rẹ̀ níbẹ̀. Pẹ̀lú tọ́bò, ẹ́ńjìnnì náà ṣe bí ẹni pé etí òkun ló wà.

Ẹ kíyè sí ohun tí ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ òfúrufú fi jọra. Àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ṣọ́ ẹ̀rọ. Ní ti òfúrufú, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí tọ́bò láti gbogbo ọ̀nà. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì há, ẹni tó sì ń wà á kò fẹ́ ju pé kó dé ibi iṣẹ́ lọ.

Ibi tí General Motors ti kọsẹ̀ ní 1962 nìyẹn. Lọ́dún náà, ilé-iṣẹ́ yìí gbé ọkọ̀ méjì tó ní tọ́bò jáde: Chevrolet Corvair Monza Spyder àti Oldsmobile Jetfire. Ẹ́ńjìnnì Jetfire jẹ́ V8 lítà 3.5, ó sì ń mú 215 hp wá. Àwọn tó ṣe é kò fẹ́ kó lọ́ra nígbà tí tọ́bò kò bá tíì gbéra, wọ́n wá jẹ́ kí ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnnì ga dé 10.25 sí 1. Pẹ̀lú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀, ooru ì bá ti fọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n gbé ìgò omi kan sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi àti ọtí mẹ́tánọ́ọ̀lù ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Turbo-Rocket Fluid. Bí tọ́bò bá ń ti afẹ́fẹ́, omi náà á máa wọ́n sí i, á sì tù ú.

Ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́. Ohun tí kò ṣiṣẹ́ ni ìrètí pé onílé yóò máa rántí rọ omi náà. Ọ̀pọ̀ kò rántí. Bí ìgò bá gbẹ, ẹ̀rọ á dín agbára tọ́bò kù kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́, onílé á sì máa ráhùn pé ọkọ̀ tuntun òun ti di aláìlera. Jetfire kò pé ọdún méjì lórí àtẹ, iye tí wọ́n ṣe kò sì tó 10,000. Ní 1965, ilé-iṣẹ́ náà ní kí àwọn onílé gbé ọkọ̀ wá kí wọ́n bá wọn yọ tọ́bò kúrò, kí wọ́n fi kàbúrétọ̀ lásán dípò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà bẹ́ẹ̀. Èyí ló fà á tí Jetfire tó ṣì ní tọ́bò rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n lónìí. Wọ́n gbé ẹrù ooru lé onílé lórí, onílé sì sọ ọ́ kalẹ̀.

Nígbà tí tọ́bò tún padà wá, Yúróòpù ló gbà wá. BMW gbé 2002 Turbo jáde ní 1973, Porsche sì gbé 911 Turbo jáde ní 1974. Ní 1977, Renault mú tọ́bò wọ ìdíje Formula One ní Silverstone. Tọ́bò náà bàjẹ́ kí ìdíje tó parí, àwọn èèyàn sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìkòkò tíì ni wọ́n ń wà nítorí èéfín rẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Dijon, ọkọ̀ Renault tó ní tọ́bò ló gba ipò kìíní.

Saab ti ilẹ̀ Sweden ló wá dáhùn ìbéèrè wa fún ọkọ̀ ojoojúmọ́. Ní 1977, wọ́n fi 99 Turbo hàn ní Frankfurt. Ẹ́ńjìnnì lítà 2 ni, ó ń mú 145 hp wá. Per Gillbrand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò lépa agbára tó ga jù. Wọ́n yan tọ́bò kékeré tó tètè ń gbéra, wọ́n dín ìfúnpọ̀ inú ẹ́ńjìnnì kù, wọ́n sì fi ilẹ̀kùn kékeré kan sí i tí à ń pè ní wastegate, èyí tó ń jẹ́ kí èéfín tó pọ̀ jù gba ẹ̀gbẹ́ tọ́bò kọjá. Lórí ọkọ̀ ọdún 1982, wọ́n fi APC kún un. APC yìí ní etí: ó ń gbọ́ bí epo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí bú láìtọ́, ó sì ń ṣí ilẹ̀kùn náà lójú ẹsẹ̀. Awakọ̀ lè ra epo tí kò dára tó láìmọ̀, ẹ̀rọ á sì gbà á lọ́wọ́ ìparun. Ní ti afẹ́fẹ́ tó ń gbóná, Porsche ti fi intercooler sí 911 Turbo lítà 3.3 ní 1978. Rédíétọ̀ afẹ́fẹ́ ni èyí, ìṣẹ́ tí ìgò omi Jetfire ń ṣe ló ń ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ní láti máa rọ sínú rẹ̀.

Ó ku ìṣòro kan. Bí awakọ̀ bá sáré dé tó sì pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì á dúró, ṣùgbọ́n ooru kò ní dúró. Á gba inú irin wọ àárín ọ̀pá, á sì jó ọ́ìlì tó kù níbẹ̀ di èédú. Èédú yìí ń dí ọ̀nà ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá á fi gbẹ. Àwọn tó ra tọ́bò nígbà náà gbọ́ ọ títí pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi ìṣẹ́jú kan sí méjì kí wọ́n tó pa á. Ẹrù tún padà sórí awakọ̀. Láàárín àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mú omi rédíétọ̀ yí àárín tọ́bò ká. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, omi tó gbóná níbẹ̀ á máa gòkè, èyí tó tutù á máa rọ́pò rẹ̀, láìsí pọ́ǹpù. Ọ́ìlì tí wọ́n ṣe láti fara da ooru náà sì ti wà lọ́jà láti àwọn ọdún 1970.

Èyí ló jẹ́ kí a gbàgbé pé iná wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í gbé iná sórí òrùlé sùn. Bí ọkọ̀ bá pé ogún ọdún, gbogbo ohun tí àwọn wọ̀nyí fi bò ó ló ń tú: páànù tó ń dá ooru dúró á dípẹtà, rọ́bà á gbẹ, rédíétọ̀ á dí, fáànù á rẹ̀. Ẹrù tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ á tún padà wá bá a, òun kò sì mọ̀.

Ọwọ́ wa náà ń dá kún un. Bí páànù yẹn bá ń mì, mẹkáníìkì a máa yọ ọ́ sọnù kí ariwo lè dẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná, wọ́n a yọ tẹmóstáàtì. Bí omi bá gbẹ, omi ẹ̀rọ lásán ni à ń rọ. Mi ò bú wọn o, ìrírí tiwọn lórí ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò ni wọ́n ń lò. Ṣùgbọ́n páànù yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àlàfo afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òun àti tọ́bò ló ń gba wáyà àti rọ́bà là. Omi lásán sì ń mú ìpẹtà wá sínú àwọn ihò tóóró tí omi tọ́bò ń gbà.

Nítorí náà, ohun tí ìtàn yìí kọ́ mi ni pé kí a kọ́kọ́ dá ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ padà, kí a tó máa ra tuntun kún un. Ẹ dá páànù padà. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà tó ti gan, ẹ lo omi rédíétọ̀ tó tọ́, ẹ lo ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ, ẹ má sì jẹ́ kó pẹ́ jù kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ojú intercooler bóyá erùpẹ̀ ti dí i. Aṣọ tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù èéfín ń dín ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú irin ló ń há ooru náà mọ́, irin àtijọ́ tó ti fẹ́ sán lè ti ibẹ̀ là. Àwọn kan ń gbé ẹ̀yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀ kí ooru lè jáde. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ṣùgbọ́n lórí eré, afẹ́fẹ́ máa ń kóra jọ sí ìdí gíláàsì iwájú, ó sì lè gba ibẹ̀ wọlé dípò kó jáde.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, àwọn mẹkáníìkì àdúgbò yín ló ń pàdé àwọn ọkọ̀ yìí lójoojúmọ́. Ẹ lọ bá wọn jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n mọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí páànù náà wà fún. Bí onílé bá rán wọn létí pé kí wọ́n dá a padà, ọ̀pọ̀ tọ́bò ni yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá.