Ọ̀nà Omi Láti Ìkòròdú Dé Ẹ̀pẹ́

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ni ó lè ka ìtàn odò Suez bí ẹni ń ka owó: pé ọdún 1859 ni Ferdinand de Lesseps, ará Faransé, bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ; pé ọdún 1869 ni wọ́n ṣí i fún ọkọ̀ òkun; pé nígbà tí Nasser gbà á fún Íjíbítì ní 1956, ogun dé. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè ìtàn ọ̀sà tí ó wà lẹ́yìn ilé wa, ńṣe ni kẹ́kẹ́ ń pa mọ́ wa lẹ́nu.

Ọ̀sà Èkó kì í ṣe odò tí a fi ọkọ́ gbẹ́. Elédùmarè ni ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni òun àti Suez ń ṣe, nítorí pé ó so ibi tí ẹrù ti ń wá mọ́ ibi tí ẹrù ń lọ. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìpakòdò, èbúté Ìkòròdú, tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, yóò rí Ìjẹ̀dẹ̀ ní ọwọ́ òsì, àti Ẹ̀gbìn tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá wà. Yóò kọjá Èjìnrìn, ibi tí àwọn Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé ní ọjà láyé àtijọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá fọ́ Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ lọ, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Kòsọ́kọ́ bọ́ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, òun àti Òṣòdì Tápà àti ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti gba ojú omi wá ja Èkó ní 1853. Nígbà tí apá kò ká a, Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bá a ṣe àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854. Kòsọ́kọ́ jáwọ́ nínú oyè Èkó, ó sì ṣèlérí láti pa òwò ẹrú tì. Àwọn náà gbà pé kí Palma àti Lẹ́kì jẹ́ èbúté òwò rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé ọba tí ó pàdánù adé, èbúté ni ó dì mú. Ó mọ ibi tí ọrọ̀ wà.

Ní 1862 ó padà sí Èkó. Àwọn tí ó bá a padà ni orúkọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ń tọ́ka sí ní Èkó títí di òní. Àwọn tí kò padà ni Èkó Ẹ̀pẹ́, tí wọ́n ń bá Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ gbé pọ̀. Àwa tí a ń kọ́ èdè, ẹ má jẹ́ kí a fojú kéré orúkọ: ìtàn ni.

Ìkòròdú náà jẹ nínú ìyà èbúté. Ní 1865 àwọn Ẹ̀gbá dó tì í, nítorí pé láti ibẹ̀ ni òwò Èkó ti lè gba ilẹ̀ Rẹ́mọ dé Ìbàdàn láìkan Ẹ̀gbá. Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó, kó ọmọ ogun sọdá ọ̀sà, ó sì lé wọn. Ní 1892, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ fi agbára ṣí ọ̀nà Ìjẹ̀bú, omi ni àwọn ọmọ ogun wọn gbà gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n tó lọ ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé ẹni tí ń gbé etí omi lè má jẹ nínú èrè omi. Ará Íjíbítì ni wọ́n kó lọ gbẹ́ Suez, ṣùgbọ́n ó di 1956 kí ó tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní tiwa, mọ́tò ti gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ ọkọ̀ ọ̀sà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2023 a ṣí èbúté òkun ńlá ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, ní agbègbè tí Kòsọ́kọ́ gba èbúté rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́sàn-án ọdún ṣáájú. Ọkọ̀ ńlá ti dé. Ta ni yóò tu wọ́n wọlé, ta ni yóò kọ ìwé ẹrù, ta ni yóò tún ẹ̀rọ wọn ṣe? Bí ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti ọmọ Ìkòròdú kò bá kọ́ iṣẹ́ wọ̀nyí nísinsìnyí, etí omi ni wọn yóò dúró sí, tí wọn yóò máa wo ọrọ̀ bí ó ti ń kọjá lọ.