Ìdí Tí ‘Ulé’ Kò Fi Sí Nínú Ìwé Wa

Ní kíláàsì èdè Yorùbá, òfin kan wà tí gbogbo wa mọ̀ sórí: fáwẹ́lì ‘u’ kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ. Òótọ́ ni, nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ulé ni àwọn àgbà wa ń pe ilé, ùlú ni wọ́n ń pe ìlú. Àwọn Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló wá ṣe òfin tó yọ wá sílẹ̀?

Freetown, ní Sàró, ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń kó àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ, àwọn ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire sì pọ̀ nínú wọn. Nígbà náà, Ọ̀yọ́ ló ń jẹ́ Yorùbá. Àwọn ará Freetown kàn sọ gbogbo wọn ní Akú, nítorí ‘ẹ kú’ tí kì í kúrò lẹ́nu wọn: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àtijọ́. Ìkíni di orúkọ ẹ̀yà! Títí dòní, àwọn kan ṣì ń jẹ́ Akú ní Gáńbíà.

Ajayi Crowther wà lára wọn. Ọmọ Òṣogùn lágbègbè Ọ̀yọ́ ni, ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Nígbà tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, èdè ìyá rẹ̀ ló fi ṣe ìpìlẹ̀. Èmi náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpàdé kan fẹnu kò lórí àkọtọ́ ní Èkó ní 1875, odindi Bíbélì sì jáde ní 1884. Èdè inú Bíbélì ni ilé ìwé gbà.

Síbẹ̀, ẹnìkan wà tó gba ọ̀nà mìíràn. S. W. Koelle, ará Jámánì tó ń bá CMS ṣiṣẹ́, ń bi àwọn ará Freetown ní ọ̀rọ̀ kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ọ́ bí kálukú ṣe pè é. Nínú ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, tó jáde ní 1854, Ifẹ̀ ní àyè tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú àti Oǹdó. Lójú tèmi, ó yẹ kí ìwé yìí wà ní gbogbo ilé ìwé Ifẹ̀.

Kò pẹ́ púpọ̀ ṣáájú ìgbà náà ni àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wá tẹ̀dó sí Mọdákẹ́kẹ́. Lónìí, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwa àti àwọn ọmọ wọn ń jókòó sí. Ọmọ Mọdákẹ́kẹ́ á ṣí ìwé, á bá ohùn ilé wọn níbẹ̀. Ọmọ Ifẹ̀ tó bá sọ ‘ulé’, ẹ̀rín ni kíláàsì á fi ṣe, máàkì á sì lọ. Ní Newcastle nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣì ń pe ọmọ ní ‘bairn’, bí ìwé tilẹ̀ ń sọ pé ‘child’. Àwa ń jẹ́ kí tiwa lọ.

Bí ìyá àgbà wa bá ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, Ifẹ̀ pọ́ńbélé ni. Tó bá yíjú sí àwa ọmọ-ọmọ, á pa ohùn dà sí ti inú ìwé. Ó ní kí a lè yege ni. Bàbá mi ń gbọ́ Ifẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í fi dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Èmi ń gbọ́ díẹ̀. Àbúrò mi, ọmọ ọdún márùn-ún, bi mí lọ́jọ́ kan pé èdè ìlú wo ni ìyá àgbà ń sọ.