Ilẹ̀ Àpáàdì: Bí Ilé-Ifẹ̀ Àtijọ́ Ṣe Ká Àgbàrá Lọ́wọ́ Kò

Ilẹ̀ tó rì díẹ̀, tí òkè méje yí ká, ni Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀dó sí, ilẹ̀ náà sì jẹ́ ilẹ̀ pupa tó máa ń le koko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n tó máa ń di ẹrẹ̀ bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Bí èrò ti ń pọ̀ sí i, tí ẹsẹ̀ ń tẹ ojú kan náà lójoojúmọ́, ó di dandan kí ìlú wá nǹkan ṣe sí àgbàrá.

Àpáàdì, ìyẹn èéfọ́ ìkòkò amọ̀, ni wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà, àgbàlá àti ojúbọ, àwọn awalẹ̀pìtàn sì fojú dá a pé èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wáyé láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1400. Òmíràn wà tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n èyí tó fakọ yọ jù ni èyí tí wọ́n gbé àpáàdì rẹ̀ dúró lóòró, tí wọ́n tò mọ́ra wọn pinpin sínú ilẹ̀ pupa, tí ìlà kan dagun sí èkejì bí egungun ẹja; níbòmíràn, wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ funfun sáàárín wọn. Àpáàdì tó dúró báyìí kì í tètè yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, omi òjò kì í sì í tètè rí erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀ wọ́ lọ. Ní Ìta Yemòó nínú ìlú náà, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti kan ère idẹ nígbà tí wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ ìkọ́lé ní 1957, ni awalẹ̀pìtàn Frank Willett ti wú irú ilẹ̀ yìí jáde, awalẹ̀pìtàn Peter Garlake náà sì rí i ní ilẹ̀ Ọbalárá ní nǹkan bí 1971 àti 1972.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Lúwòó, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìtàn náà níyì, síbẹ̀ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà títí dé ilẹ̀ Kábíyè ní Tógò àti Daima nítòsí adágún Chad, tó fi hàn pé ọgbọ́n àjùmọ̀ní ni.

Ibi tó yẹ kí àwọn aṣètò ìlú tẹjú mọ́ ni pé àpáàdì kò béèrè iná tuntun. Amọ̀kòkò ti sun ìkòkò náà nígbà tó mọ ọ́n, ìkòkò ti sin ìyàwó ilé, nígbà tó fọ́ ni ìlú tún fún un níṣẹ́. Lónìí, sìmẹ́ǹtì ni a fi ń dí ojú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń tú bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sáfẹ́fẹ́, ìyẹn gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Omi tí ilẹ̀ ìbá sì fà mu ń sáré lọ sínú gọ́tà tí ọ̀rá ti dí.

Ọgbọ́n ìkọ́lé tó bá ojú ọjọ́ mu tún yọjú nígbà tí Arieh Sharon, ayàwòrán ilé ará Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus ní Jámánì, ṣètò ọgbà Yunifásítì Ifẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní 1962. Nínú àwọn ilé Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ọmọnìyàn, àjà òkè yọ síta ju ti ìsàlẹ̀ lọ, tí ilé fi ń ṣíji bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ oòrùn àti òjò.

Nínú ìlú gan-an, táyà ọkọ̀ ń fọ́ àpáàdì tó yọ síta, katakátá tó ń la ọ̀nà ń wú òmíràn dànù, àwọn onílé sì ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ gba àárín èyí tó kù. Ó yẹ kí àyẹ̀wò awalẹ̀pìtàn ṣáájú ìwé àṣẹ ìkọ́lé ní gbogbo àdúgbò tí wọ́n bá ti rí ilẹ̀ àpáàdì.