Áńtẹ́nà

Kí áńtẹ́nà tó di ohun orí òrùlé, ojú omi ló wà. Lédè Látìn, igi gbọọrọ tí wọ́n ń so ìgbòkun mọ́ nínú ọkọ̀ ojú omi ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n yá a fún ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí aáyán fi ń wá ọ̀nà, kó tó wá kan irin tí ń gba ìgbì afẹ́fẹ́.

Ẹ́ríà ni púpọ̀ nínú wa ń pè é. Ẹnì kan á máa yí igi ọparun tó gbé e dúró níta, ẹni tó wà ní yàrá á máa kígbe pé, "Ó ti dé! Má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Eré yìí kò tíì tán fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ṣelé rìnrìn àjò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ńláńlá níbẹ̀ sábà máa ń lo ìgbì tó dùbúlẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpó kéékèèké tí ń tàtaré rẹ̀ sáàárín òkè ń lo èyí tó dúró ṣánṣán. Ẹ́ríà tó dùbúlẹ̀ kò ní gba ti òpó kékeré dáadáa, bó tilẹ̀ kọjú sí i gan-an. Ẹ yí i dúró, àwòrán lè dé. (Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ ti tan ẹ̀rọ tí ń fún ìgbì lágbára o, ìyẹn ló ń dójú ti ọ̀pọ̀ èèyàn.)

Bí ìgbì kò bá lágbára tó, àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tí wọ́n pa tì níbẹ̀ pátápátá ní 2012, máa ń dà bíi pé wọ́n wọ́n iyanrìn sí i, síbẹ̀ a ń rí bọ́ọ̀lù. Ti ìsinsìnyí á já wẹ́wẹ́, á sì dákẹ́.