Ìtàn iná pupa tó ń tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù yín

1/ Iná pupa kan wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ l'Ádó ti bá ṣọ̀rẹ́. Ó ń tàn láti ìgbà Àjíǹde, wọ́n ṣì ń wakọ̀ lọ. Àwọn kan tiẹ̀ ní kí rẹwáyà yọ gílóòbù ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí tí wọ́n fi dá iná yẹn sílẹ̀ fún yín. Ó kan ẹ̀mí o.

2/ Nígbà kan, okùn onírin àti ọ̀pá ló ń fa bíréèkì. Malcolm Loughead, ọmọ Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó gbé bíréèkì ọlọ́ìlì jáde: ẹ tẹ bíréèkì, ọ́ìlì inú páìpù á gbé agbára ẹsẹ̀ yín dé ìdí táyà. Ní 1921, ọkọ̀ Duesenberg ti ní in ní táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

3/ Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ́ìlì kan náà ló ń bọ́ gbogbo táyà. Tó bá jò níbì kan pẹ́rẹ́, gbogbo ẹ̀ ló lọ. Ẹsẹ̀ á rì dé ilẹ̀, ọkọ̀ ò ní dúró.

4/ Wọ́n wá pín in sí méjì, kí ìdajì lè ṣiṣẹ́ tí ìdajì bá kú. Amẹ́ríkà sọ ọ́ di òfin fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun láti ọjọ́ 1, oṣù January, 1968. Àmọ́ ẹ rò ó wò: tí ìdajì bá kú, tí ọkọ̀ ṣì ń dúró díẹ̀díẹ̀, báwo ni awakọ̀ ṣe máa mọ̀? Òfin kan náà ní kí iná pupa máa tàn. Òun nìyẹn.

5/ Iná kejì, aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n kọ ABS sí, ní ìtàn tiẹ̀. Bosch àti Mercedes gbé e jáde nínú S-Class ní 1978. Kì í jẹ́ kí táyà há pa tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Tí òun nìkan bá tàn, bíréèkì yín sábà máa ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, àmọ́ ẹ rọra lójò. Tóun àti pupa bá jọ tàn, ẹ páàkì. Kí mẹkáníìkì wá bá yín níbẹ̀.

6/ Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ láyé Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, etí àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n Tòkunbọ̀ ìsinsìnyí lè kìlọ̀ kí ẹsẹ̀ tó mọ nǹkan kan.

7/ Tí pupa bá tàn, ẹ wo hándì bíréèkì kọ́kọ́. Tẹ́ ẹ bá ti tú u sílẹ̀ pátápátá tí kò kú, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ike ọ́ìlì bíréèkì. Ṣé ó ti lọ sísàlẹ̀ MIN? Ẹ má kàn bu òmíràn sí i o! Ọ́ìlì bíréèkì kì í jó tán bí epo. Tó bá dín, ó sábà jẹ́ pé páàdì ti jẹ, tàbí pé ó ń jò. Ẹ bu kún un, iná á kú, àìsàn ò kú. Tí ike bá kún tí iná ṣì ń tàn, ó lè jẹ́ wáyà tàbí sẹ́ńsọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ìdajì ti kú. Kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò.

8/ Ẹni tó bá gba Ìyìn, Ìgèdè, Arámọkọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ̀ pé ilẹ̀ olókè là ń gbé. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bíréèkì máa ń gbóná. Ọ́ìlì tó ti gbó ti fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́. Tó bá gbóná jù, ó lè hó, ẹsẹ̀ á sì rì. Ilẹ̀ títẹ́jú lè foríjì yín. Òkè ò mọ ẹnì kan.

9/ Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tíì sítáàtì. Pupa àti ABS gbọ́dọ̀ tàn. Tẹ́ ẹ bá sítáàtì, tẹ́ ẹ tú hándì bíréèkì, kí àwọn méjèèjì kú. Tí wọn ò bá tàn rárá, ẹ bi ẹni tó ń tà á: ta ló yọ gílóòbù, kí ló sì ń sọ kí wọ́n tó yọ ọ́?

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ra mọ́tò lóṣù yìí.