Wenger àti Àpò Owó Arsenal

Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, bí ó ti rí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá, àwọn olólùfẹ́ Arsenal kò kéré níye. Ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ wọn fi kan akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn àtijọ́, Arsène Wenger, ni pé ahun ni. Ìtàn kò dá a lẹ́bi pátápátá.

Lọ́dún 2004, ó gba ife líìgì Gẹ̀ẹ́sì láìfìdí rẹmi nínú ìdíje 38. Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ náà kó kúrò ní Highbury lọ sí pápá tuntun tó gba nǹkan bí 60,000 òǹwòran. Gbèsè pápá yìí ló dè é lọ́wọ́. Wọ́n ta àgbà òjẹ̀ bí i Henry àti Fàbregas, àwọn ọ̀dọ́ ló sì ń rọ́pò wọn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, Manchester United fi ayò 8 sí 2 nà wọ́n.

Nígbà tó di 2013, ara bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ wọ́n. Wenger ra Mesut Özil ní ohun tó lé ní 40 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Síbẹ̀, kí sáà 2015 sí 2016 tó bẹ̀rẹ̀, aṣọ́lé Petr Čech nìkan ló rà sínú ikọ̀ àgbà. Leicester ló gba ife. Arsenal ṣe ipò kejì, àmì 10 ló wà láàárín wọn.

Ẹni tó ń kọ́lé kò jẹ̀bi bó bá ń ṣọ́wọ́ ná. Àléébù Wenger ni pé ilé parí, ọwọ́ rẹ̀ kò tú: ohun tó jẹ́ ọgbọ́n lánàá ti di bárakú.