Òjé Tí Wọ́n Fi Dí Ẹ́ńjìnnì Lẹ́nu

Bí ọkọ̀ bá ru ẹrù, tí ó dé ẹsẹ̀ òkè, tí awakọ̀ sì tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀, ariwo kan lè bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí ìgbà tí èèyàn da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo tí ó ń mì ín. Bí ó bá dẹ ẹsẹ̀, ariwo a dákẹ́. Bí ó bá tún tẹ̀ ẹ́, a tún bẹ̀rẹ̀. “Knock” ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àwọn mẹkáníìkì wa ti gba ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n lẹ́nu tiwa, bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnnì ti “nọ́ọ̀kì”, ó ti kú nìyẹn, ìnáwó ńlá sì ti dé. Ariwo tí à ń sọ yìí kì í ṣe ikú, ìkìlọ̀ ni. Bí wọ́n ṣe dí i lẹ́nu ni ìtàn wa lónìí, nítorí pé gbogbo ayé ló bá wọn jẹ gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dún. Nínú sìlíńdà, písítìnnì a fún afẹ́fẹ́ àti epo bẹntiróòlù pọ̀, púlọ́ọ̀gì a sì ṣáná sí i. Iná yẹn a gbèrú láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí èkejì, bí iná tó ń jó oko gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bí ooru àti ìfúnpọ̀ bá ti pọ̀ jù, epo tó kù ní igun kò ní dúró de iná mọ́. Òun fúnra rẹ̀ a bú gbàmù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbúgbàmù yìí ló ń lu irin. Bí ó bá pẹ́, ó lè lu písítìnnì jò.

Ní Dayton, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, Charles Kettering ni ó ṣe ẹ̀rọ oníná tí wọ́n fi sí ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1912, tí a kò fi ní láti máa fọwọ́ yí irin níwájú ọkọ̀ mọ́. Nígbà tí ariwo yìí ń pọ̀ sí i, àwọn kan ní iná rẹ̀ ló fà á. Kettering kò gbà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Thomas Midgley, dara pọ̀ mọ́ ọn ní 1916, ó sì gbé iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́. Midgley wádìí títí ó fi hàn pé lẹ́yìn tí púlọ́ọ̀gì bá ti ṣáná tán ni ariwo ń dé. Ẹjọ́ epo ni, kì í ṣe ẹjọ́ iná.

Ni wọ́n bá ń wá oògùn tí wọn yóò dà sínú epo. Áyódínì pa ariwo náà, ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó sì ń jẹ irin. Ọtí líle, irú èyí tó wà nínú ògógóró, tún ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n sì mọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá 1921, wọ́n dán omi kan wò tí òjé wà nínú rẹ̀, òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Kíún báyìí ló gbà, ẹ́ńjìnnì sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹ wò ó: ọtí gbọ́dọ̀ pọ̀ nínú epo kó tó jẹ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè pọn ọ́n, ìwọ̀nba òjé ló tó, a sì lè fi òfin gbà á ní tara ẹni. Òjé ni wọ́n mú. Orúkọ tí wọ́n fi tà á ni “Ethyl”. Wọn ò dárúkọ òjé rárá. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì 1923 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á ní Dayton.

Wọn kì í ṣe aláìmọ̀ o. Láti ayé àtijọ́ ni a ti mọ̀ pé májèlé ni òjé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1923 yẹn, Midgley fúnra rẹ̀ ní láti lọ sinmi nítorí òjé tó ti wọ̀ ọ́ lára. Ní oṣù Kẹwàá 1924, òṣìṣẹ́ márùn-ún kú ní ilé iṣẹ́ Bayway ní New Jersey, orí àwọn mìíràn sì dàrú. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà, Midgley dúró níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó fi omi òjé náà fọwọ́, ó sì fà á símú fún ìṣẹ́jú kan, pé kò léwu. Wọ́n dá títà rẹ̀ dúró ní 1925; nígbà tó di 1926, ó ti padà sọ́jà. Láti ibẹ̀ ló ti gba ayé kan.

Púpọ̀ nínú òjé tó wọ inú ọkọ̀ ló ń bá èéfín jáde. Ọpọlọ ọmọdé ló ń bà jẹ́ jù. Ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà láàárín go-slow Èkó ní 1978, afẹ́fẹ́ yẹn ló ń mí. Ní 1965, Clair Patterson, onímọ̀ tó ti fi òjé ṣírò ọjọ́ orí ayé, kọ ọ́ síwèé pé òjé tó wà lára ará Amẹ́ríkà fi nǹkan bí ìlọ́po 100 ju ti ẹ̀dá lọ. Àwọn olówó òjé bínú sí i, kò dákẹ́. Amẹ́ríkà fòfin lé e kúrò lójú títì pátápátá ní 1996. Àwọn ìjọba ilẹ̀ wa ṣèpàdé ní Dakar ní oṣù Kẹfà 2001, nígbà tí 2006 sì fi wọlé, òjé ti kúrò nínú epo ọkọ̀ gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sahara. Algeria ló dá a dúró kẹ́yìn ní 2021. Ó ku oṣù díẹ̀ kó pé 100 ọdún.

Ṣé ẹ́ńjìnnì wá padà sí ariwo? Rárá o. Wọ́n ń fọ epo dáadáa sí i, etí kékeré kan sì wà lára ẹ́ńjìnnì òde òní tó ń gbọ́ ariwo náà, tó ń mú kí púlọ́ọ̀gì ṣáná pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń dún bẹ́ẹ̀, ẹ dẹ tọ́tù, kí ẹ sì já gíà wálẹ̀ lórí òkè. Lẹ́yìn náà, kí mẹkáníìkì wo táímín, omi ráádíétọ̀, èédú tó dì sórí písítìnnì, àti irú epo tí ẹ rà. Ajá tó ń gbó lóru, bí a bá dí i lẹ́nu, olè kò tìtorí ẹ̀ kúrò lágbàlá.